Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́ Tí Àwòrán Rẹ̀ Ń Ṣe Ségesège

Lẹ́tà lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, ló pọ̀ jù nínú èyí tó dé ọwọ́ wa. Ó hàn pé ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, nílẹ̀ Benin, ṣì ń lò ó. Inú wa dùn sí i, nítorí ẹ̀rọ tó ṣeé tún ṣe ni. Márùn-ún la mú nínú àwọn lẹ́tà náà.

Àwòrán wa máa ń ṣe bàìbàì láàárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bá ọ̀sà la ń gbé. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan telé wa, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ a dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tó bá tó ogún ìṣẹ́jú, á mọ́ kedere fúnra rẹ̀. Àsìkò òjò ló burú jù. Ẹnì kan ní tíùbù ti kú, pé ká ra telé mìíràn. (Ìyá aláṣọ kan, Àjàṣẹ́)

Ìyá wa, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Tíùbù ni gíláàsì ńlá tó ń fi àwòrán hàn; èyí tó ti gbó kì í ṣe báyìí. Tirẹ̀ a máa ṣókùnkùn, àwọ̀ rẹ̀ a ṣá, bí ẹ bá sì gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, ibi tó funfun nínú àwòrán a máa ràn kálẹ̀ bí epo lórí omi. Tiyín ń mọ́ kedere nígbà tó bá gbóná. Ọ̀rinrin ló ń bá a jà.

Ibi tí ọ̀rinrin ń bà sí ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ọrùn tíùbù, ìyẹn ike roboto tó wà lára pátákó kékeré tí wọ́n kì bọ ìdí tíùbù. Wáyà kan tó nípọn ti ara THT wá sínú rẹ̀. THT yìí ni àwọn alátùn-únṣe ní Nàìjíríà ń pè ní flyback. Òun ló ń sọ iná kékeré di iná ńlá. Wáyà náà ń gbé iná tó ń mú àwòrán ṣe kedere, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì sì ni. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n fi àlàfo tóóró kan sílẹ̀ kí iná tó bá ṣàdédé pọ̀ jù lè fò gba ibẹ̀ lọ sílẹ̀, kó má ba tíùbù jẹ́. Bí ọ̀rinrin bá pẹ́ níbẹ̀, irin àlàfo náà a dípẹtà, a yọ ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, iná a sì máa jò gba ara ìpẹtà yẹn lọ. Nígbà tí ooru bá gbẹ ọ̀rinrin náà tán, jíjò náà a dín kù. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń mọ́ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Àwọn kan máa ń fi ọtí sípírítì fọ̀ ọ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sí bó ṣe wà. Kí ẹni tó fẹ́ rà á mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ sọ́jà, ní Ouando tàbí níbi yòówù tí ẹ ti ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ, nítorí iye ẹsẹ̀ wọn kì í dọ́gba, ọrùn tíùbù pàápàá ní tẹ́ẹ́rẹ́ (22.5 mm) àti nínípọn (29 mm). Kó fa pátákó kékeré náà jáde gbọọrọ, láìyí i sọ́tùn-ún sósì. Gíláàsì ni ọrùn yẹn. Bó bá fi lè sán pẹ́nrẹ́n, afẹ́fẹ́ wọlé nìyẹn, tíùbù sì parí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi tuntun sí i, ẹ tan telé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó yí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ FOCUS sí lára THT. Lẹ́tà kéékèèké tó ń kọjá lójú gíláàsì ni kí wọ́n máa wò bí wọ́n ṣe ń yí i. Bọ́tìnnì kejì tó wà nítòsí rẹ̀, SCREEN, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ telé tó dára ni wọ́n ti fi yíyí bọ́tìnnì yẹn bà jẹ́.

Ìlà funfun kan ṣoṣo ló kù

Lójijì ni àwòrán ká jọ lálẹ́ àná, ó wá ku ìlà funfun kan tó dábùú àárín gíláàsì. Ohùn ń jáde geere. Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán ṣí, ó sì tún ká padà. Telé oní-21 ni. (Aránṣọ kan, Kétu)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ pa á, tàbí kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù pátápátá. Gbogbo ìtànṣán tó yẹ kó kárí gíláàsì ló ń kóra jọ sójú ìlà kan yẹn, yóò sì jó ohun atànmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi kun ẹ̀yìn gíláàsì. Àpá rẹ̀ kì í lọ mọ́.

Ìtànṣán tíùbù ń rìn lọ́nà méjì: ó ń ti òsì lọ sí ọ̀tún, ó sì ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti òsì sí ọ̀tún ṣì ń ṣiṣẹ́ ní tiyín. Nítorí náà, THT yè, tíùbù yè, ibi tí iná ti ń wọlé náà sì yè. Ti òkè sí ìsàlẹ̀ nìkan ló dúró. Gbígbá tí ẹ gbá a tó ṣí yẹn sì ti sọ ohun tó ṣeé ṣe jù lọ fún wa: òjé tó ti là lábẹ́ pátákó, ìyẹn òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i, ẹ yọ ọ́ lára iná. Yíyọ yẹn nìkan ò tó. Lábẹ́ rọ́bà roboto tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tíùbù, iná tó tó nǹkan bí 25,000 fóòtì lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ mú súkúrú-díráfà pẹlẹbẹ tí ike bo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ so wáyà mọ́ irin rẹ̀, ẹ so ìdí kejì wáyà náà mọ́ okùn bàbà ìhòòhò tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn tíùbù. Ẹ so ó mọ́ bàbà yẹn, ẹ má so ó mọ́ pátákó. Ẹ fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ kejì ti ẹnu irin náà sábẹ́ rọ́bà títí yóò fi kan irin inú rẹ̀. Ẹ lè gbọ́ tó dún "táà". Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún un ṣe, nítorí iná díẹ̀ máa ń padà sínú tíùbù. Lẹ́yìn náà ni ti kapásítọ̀ gbàǹgbà tó wà níbi tí iná ti ń wọlé, tí a ń pè ní condensateur lọ́dọ̀ wa. Nǹkan bí 310 fóòtì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ fi gílóòbù 60 W tó ní wáyà méjì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ sì fi míta wọ̀n ọ́ kó tó di pé ẹ fọwọ́ kan pátákó.

Ó ti ṣeé wò wàyí. Ẹ wá IC, ìyẹn ẹ̀yà dúdú kékeré tó ń darí ìtànṣán láti òkè sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n dè mọ́ irin alumíníọ̀mù kan, tó sábà máa ń ní ẹsẹ̀ méje tàbí mẹ́sàn-án. LA78040 jẹ́ ọ̀kan tó wọ́pọ̀. Ẹ yí pátákó padà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀ ní ìdágẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi gíláàsì amúnǹkantóbi wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti là máa ń ní òrùka dúdú tín-ín-rín tó yí ẹsẹ̀ náà ká, bí ìgbà tí eyín ń mì nínú erìgì. Ooru ló fà á. IC náà ń gbóná lójoojúmọ́, ó ń tutù lálaalẹ́, irin rẹ̀ ń wú, ó ń sún kì, òjé sì ń là díẹ̀díẹ̀. Ẹ fa ògbólógbòó òjé kúrò, kí ẹ jó tuntun sí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, àti sí ibi tí wáyà tó wá láti ọrùn tíùbù ti kì bọ pátákó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Bí kò bá parí, kí alátùn-únṣe wọn iná tó ń wọ IC náà. Fún LA78040, nǹkan bí 24 fóòtì ni. Bí kò bá sí rárá, ẹ wo rẹsísítọ̀ kékeré tí iná náà ń gbà kọjá. Wọ́n ṣe é kó lè já bí nǹkan bá bàjẹ́ níwájú. Ẹni tó bá fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀ ń dáná sunlé ni. Bó bá ti já, IC ló sábà máa ń pa á, kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.

Kapásítọ̀ 100 µF tó wà nítòsí IC yìí kan pẹ̀lú. Ooru IC máa ń gbẹ omi inú rẹ̀. Bó bá ń gbẹ lọ, ìlà funfun mélòó kan a kọ́kọ́ hàn lókè àwòrán, orí àwọn èèyàn a sì dà bí ohun tí wọ́n ṣẹ́po, ó lè jẹ́ oṣù mélòó kan kó tó ká tán. Bí a bá fi IC tuntun sí i tí a fi ògbólógbòó kapásítọ̀ sílẹ̀, IC tuntun náà kì í pẹ́. Ẹ ra oní-50 fóòtì tí wọ́n kọ 105°C sí lára.

Igun kan di elésè àlùkò

Ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi, igun telé ní apá ọ̀tún di elésè àlùkò, ojú èèyàn a sì di aláwọ̀ ewé tó bá dé ibẹ̀. (Onígbàjámọ̀ kan, Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ wo apá ọ̀tún yẹn dáadáa: ó ṣeé ṣe kí gbohùngbohùn (speaker) wà níbẹ̀. Òkúta-òòfà inú rẹ̀ ló ń fa ìtànṣán kúrò lójú ọ̀nà. Irin fẹ́lẹ́ kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn gíláàsì, òun ló ń darí ìtànṣán pupa, ewé àti búlúù sí ojú àmì tirẹ̀, irin yẹn sì ti gba òòfà.

Ẹ gbé gbohùngbohùn náà jìnnà tó mítà kan. Ẹ fi bọ́tìnnì ara telé pa á, ẹ má lo rìmóòtù, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá tún tàn án, ẹ óò gbọ́ "gbùù" kúkúrú: wáyà tó yí gíláàsì ká ló ń nu òòfà náà kúrò. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ó máa tutù láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìró kankan, wọn yóò pààrọ̀ pósísítọ̀, àpótí kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ mì ín tó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ó ti fọ́ nínú. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé telé náà já bọ́ látorí ọ̀kadà ni àbàwọ́n yẹn ti bẹ̀rẹ̀, irin inú tíùbù ló yẹ̀, kò sì sí àtúnṣe fún un.

Dúdú àti funfun nìkan

Telé tòkunbọ̀ tó wá láti Faransé ni. Dekódà tí a so mọ́ ọn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀. (Olùkọ́ kan, Àjàṣẹ́)

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi àwọ̀ ránṣẹ́ ló yàtọ̀: SECAM ni Faransé lò títí di ọdún 2011, òun náà ni tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Benin fi ń ṣe ìgbéjáde rẹ̀ láyé àtijọ́. PAL ni ti Nàìjíríà, òun sì ni ọ̀pọ̀ dekódà ń gbé jáde lójú okùn aláwọ̀ ìyeyè. Telé tó gbọ́ SECAM nìkan yóò fi PAL hàn ní dúdú àti funfun. Ẹ kọ́kọ́ wo inú mẹ́nù rẹ̀ bóyá AUTO tàbí PAL wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ó yẹ kó ní ihò gbọọrọ Péritel. Bí dekódà náà bá ní irú rẹ̀, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì yan RGB nínú mẹ́nù dekódà. Pupa, ewé àti búlúù yóò máa gba ojú wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ PAL àti SECAM kò sì ní sí mọ́. Okùn tí wáyà rẹ̀ pé ni kí ẹ rà; nínú èyí tó pọ́ọ́kú, wáyà mélòó kan péré ló wà, àwọ̀ kò sì ní jáde.

Àwòrán ń fún mọ́ àárín lálẹ́

Aago méje alẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì a dúdú. (Òǹkàwé kan, Kétu)

Ẹ wọn iná ara ògiri ní aago méje yẹn, kí ẹ sì fi wé iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn telé. Bó bá kéré sí i, régulateur, ẹ̀rọ tó ń mú iná dọ́gba, ni ẹ nílò, telé yín kò ní àrùn. Bí iná ògiri bá pé 220 fóòtì tí àwòrán ṣì fún, kí alátùn-únṣe wo orí kapásítọ̀ oní-400 fóòtì tó wà níbi tí iná ti ń wọlé. Èyí tí orí rẹ̀ bá ti wú, tàbí tí omi ti rin ìdí rẹ̀, kó yọ ọ́, kó fi irú rẹ̀ gan-an sí i, kó sì ṣọ́ra kó má gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi àmì ìyọkúrò (-) sí lára sódì.