Kí o tó máa wá nọ́ḿbà méjì yẹn kiri

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ pé o fẹ́ fi fákítọ̀ sọ 6x² + 7x − 20 di àkámọ́ méjì tí a sọ di púpọ̀, àmọ́ kò gbà fún ọ, pé gbogbo nọ́ḿbà méjìméjì tí o dán wò ni kò bọ́ sí i. Ó yé mi. WAEC tí mo ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, máàsì ló fà á, kí n tó di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ní Ìṣọ́kùn, n'Íléṣà níbí.

Ohun tí mo pẹ́ kí n tó rí ẹni kọ́ mi ni pé ká kọ́kọ́ wádìí bóyá nọ́ḿbà náà wà rárá. b² − 4ac là ń wò: a ni nọ́ḿbà tó wà níwájú x², b ni ti iwájú x, c ni èyí tó dá dúró. Nínú tìrẹ, 49 + 480 jẹ́ 529, ìyẹn 23 lọ́nà 23. Ó wà nìyẹn, máa wá a. Ká ní 2x² + 5x − 6 ni, 25 + 48 á di 73, kò sì sí odidi nọ́ḿbà tí a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kó di 73. Fi fákítọ̀ sílẹ̀, lo fọ́múlà kúádírátíìkì. Àkókò tí àwọn ọmọ ń fi ṣòfò lórí irú èyí nínú ìdánwò máa ń dùn mí gan-an.

Ó wá ku wíwá. 6 lọ́nà −20 jẹ́ −120. Nọ́ḿbà méjì tí a bá sọ di púpọ̀ tó fún wa ní −120, tí a bá sì rò pọ̀ tó di 7, là ń wá. Bẹ̀rẹ̀ láti 1 àti 120, 2 àti 60, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀, má fo ìkankan, títí wàá fi kan méjì tí ọ̀kan fi 7 ju èkejì lọ: 15 àti 8. Máínọ́ọ̀sì lọ sára 8, torí 7 tó wà láàárín kò ní in.

6x² + 15x − 8x − 20
3x(2x + 5) − 4(2x + 5)
(3x − 4)(2x + 5)

Ìlà kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Tí o bá ti yọ −4 síta, +5 ló máa kù nínú àkámọ́, kì í ṣe −5.

Kí ló dé tá a fi sọ 6 àti −20 di púpọ̀? 15 jẹ́ 3 lọ́nà 5, −8 sì jẹ́ −4 lọ́nà 2. Nọ́ḿbà mẹ́rin yìí kan náà ló bí 6, torí 3 lọ́nà 2 ni, àwọn náà ló bí −20, torí −4 lọ́nà 5 ni. Bó o ṣe wù kó o tò wọ́n, −120 ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fún ọ. Ọmọ tí èyí bá yé kì í gbàgbé ọ̀nà yìí mọ́.

Ṣe 12x² − x − 6 wò. Bí àkámọ́ méjèèjì kò bá jọra ní ìlà kejì, fi gbogbo iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́, ká jọ wò ó.