Ẹgbẹ́ télọ̀ gbé orí máṣíìnì mi lọ: ṣé òfin gbà wọ́n láyè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti gba frídọ̀ọ̀mù. Nígbà tí iṣẹ́ gbé ọkọ mi wá sí Adó-Èkìtì, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ajílósùn. Kò tíì pé oṣù méjì tí ẹgbẹ́ fi dé: kí n san owó ìwọlé, kí n ra aṣọ ẹgbẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n tú orí máṣíìnì mi, wọ́n gbé e lọ, pákó rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n tún ní gbogbo wa la máa tẹ̀lé alága lọ kí olóṣèlú kan. Ṣé dandan ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Kì í ṣe dandan. Abala 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ tó bá wù yín. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe túláàsì. Ti máṣíìnì yẹn ló burú jù. Bí ẹ tilẹ̀ jẹ wọ́n lówó, ẹgbẹ́ kì í ṣe kóòtù.

Kí ló wá kì wọ́n láyà? Òṣèlú ni. Ìwé òfin kan náà fi ọjà, gáréèjì àti ìṣàkóso ṣọ́ọ̀bù sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ ló mọ ṣọ́ọ̀bù yín, kánsù ò mọ̀ ọ́n. Bí kánsù bá fẹ́ gbowó, alága ni wọ́n ń pè. Bí wọ́n bá fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù torí títì, òun náà ló ń lọ bẹ̀ wọ́n. Tí ìbò gómìnà bá wá dé, aṣọ ẹgbẹ́ tó kún pápá ni olóṣèlú ń kà bí ìbò.

Agbára yẹn kì í ṣe ibi lásán o. Ní Èkó lọ́dún 1940, ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja kan, ṣáájú fún ló dìde, títí ìjọba fi gbé £50 yẹn sókè, kí owó orí má bàa kan ọ̀pọ̀ wọn mọ́. Ẹlẹ́ja kan ṣoṣo ò lè ṣe é.

Èmi ní tèmi, màá wọ ẹgbẹ́. Ẹ bẹ àgbà àdúgbò kan kó sìn yín lọ sílé alága. Ẹ má dúró dọjọ́ ìpàdé, torí kò ní fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ojo lójú èrò. Ẹ mú ìwé frídọ̀ọ̀mù dání. Ẹ ní ẹ ó máa san owó náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí máṣíìnì kọ́kọ́ padà. Ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì wo orí rẹ̀: ti ẹgbẹ́ kì í ṣe ti kánsù. Mo mọ ẹni tó fi ti ẹgbẹ́ han òṣìṣẹ́ kánsù, ẹ̀ẹ̀mejì ló san owó ọdún yẹn.

Tó bá kọ̀, lẹ́tà lọ́yà ló kàn. Ẹ má kọ́kọ́ gba tẹ́ṣàn lọ. Oníbàárà mi kan ṣe bẹ́ẹ̀, ni máṣíìnì bá di ẹ̀rí ẹjọ́, ó jókòó síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Ní ti olóṣèlú, ẹ lè wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ kí i, ẹ sì lè jókòó sílé. Lọ́jọ́ ìbò, kálukú ló ń dá tẹ̀ka tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá máṣíìnì padà, ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ wé ti inú ìwé tẹ́ ẹ fi rà á. Dúdú kan náà ni gbogbo orí máṣíìnì.