Kí ni «spanghew»?

Ẹnìkan tó ń gbé ní Durham, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bi mí. Ó rí spanghew nínú ìwé atúmọ̀ èdè àtijọ́ kan, ó ní ṣé orúkọ oúnjẹ ni àbí ti ijó.

Kì í ṣe ìkankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ó túmọ̀ sí kéèyàn fi agbára ta nǹkan sókè, pàápàá ọ̀pọ̀lọ́ tàbí àkèré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun jáńgílófà onípákó rí, á tètè yé yín. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọ abúlé ibẹ̀ á gbé pákó dábùú orí òkúta, wọ́n á gbé ọ̀pọ̀lọ́ lé etí tó kanlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn á wá fi kùmọ̀ ba etí kejì tó yọ sókè: gbàù! Ọ̀pọ̀lọ́ á lọ sókè réré, tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ á nà gbọọrọ, àwọn ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń balẹ̀.

Spang yẹn, lẹ́nu àwọn ará àríwá ibẹ̀ àtàwọn ará Scotland, ni kí nǹkan fò sókè lójijì, bí tata ṣe ń ta.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́? Wọ́n kórìíra rẹ̀ ni. Wọ́n gbà pé ẹran ọ̀sìn àwọn àjẹ́ ni, pé ó lóró. (Oró wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kò ní rí i.) Òfin ọdún 1835 tó ka fífi ajá dẹ akọ màlúù àti ìjà àkùkọ léèwọ̀ kò gbà á sílẹ̀, torí ẹran ilé ni òfin náà ń sọ.

Joseph Wright kọ ọ̀rọ̀ náà sínú English Dialect Dictionary rẹ̀, ìwé atúmọ̀ ẹ̀ka-èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìdìpọ̀ mẹ́fà, tó jáde láàárín 1898 sí 1905. Mo fẹ́ràn bàbá yìí. Ọmọ Yorkshire ni, iléeṣẹ́ ìhunṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kó tó mọ̀wé kà, ó sì padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford.

Àwọn ọmọ tiwa náà ń sọ alángbá lókò, àmọ́ a ò fún un ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn yẹn ṣe tiwọn débi tó fi ní.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó fún ohun tó ti kọjá, spanghewed ni kẹ́ ẹ kọ.