Ọmọ mi pa orin tì, ariwo ló ń gbà sílẹ̀ kiri

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Leeds là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ti ń ta fáólìn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 7. Ó ti yege Grade 7 nínú ìdánwò fáólìn, òun ló sì máa ń ta orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, nǹkan ti yí padà. Ó lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ fáólìn, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ohun tó ń jáde níbẹ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ irin lórí kọnkéré. Ó ń gba ìró bọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ń gba ìró omi tó ń hó. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìfọṣọ fún odidi wákàtí kan, ó ń gba ìró rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní owó olùkọ́ ọdún 9 ti wọgbó. Mi ò fẹ́ bá a jà, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé orin lèyí? Ṣé kí n gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ ẹ̀ títí yóò fi ṣe Grade 8?

Ìdáhùn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Manchester ni mo wà, mo sì mọ ariwo tí ẹ ń wí yẹn bí ẹní mowó, torí ó ti wọ ilé tèmi náà rí. Ẹ má gba kọ̀ǹpútà o. Orin ni.

Ọmọ ọdún 15 lọmọ mi ọkùnrin nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo bínú, mo ní kó máa ti ilẹ̀kùn, mi ò sì wọlé lọ bá a lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó tó oṣù márùn-ún kó tó fi ìyápíìsì rẹ̀ sí mi létí nínú mọ́tò. Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. A ti lọ sílé fún Kérésì, ní Abẹ́òkúta, mi ò mọ̀ pé ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ sórí àpótí nígbà tí ìyá mi ń lọ ata lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ ọmọ ọlọ tó ń lọ, tó ń bọ̀, mo gbọ́ àkùkọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá mi dáwọ́ ata dúró, ó fi oríkì pè é: “Àkànní.” Ìgbà náà ni fáólìn wọlé, lórí okùn tó nípọn jù lọ. Ó kọ́kọ́ ń bá ọlọ rìn, ọrun tó fi ń fà á ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọwọ́ ìyá mi gan-an. Lẹ́yìn náà ló dáhùn ìpè náà: ó rìn nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fò sókè. Àkànní. Kọ̀ǹpútà gba ìpè yẹn, ó ń tún un pè, ó ń fà á gùn, títí ó fi dà bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún láti ìlú kejì. Mo ní láti dá mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ọrùn fáólìn kò ní irin tó pín in sí ojú kọ̀ọ̀kan bíi ti gìtá. Ìka lè yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè láìfò. Ìdí nìyẹn tó fi lè sọ èdè tiwa bí ìyá ìlù dùndún ṣe ń sọ ọ́.

Ní ti pé ìró náà ń ha, ẹ rántí gòjé. Bàbá mi a máa gbé àwo Yusuf Olatunji sí gíramafóònù. Nínú sákárà yẹn, gòjé ló ń ké: okùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe, lórí igbá tí wọ́n fi awọ bò, tí wọ́n ń fi ọrun fà. Ohùn híhan ni, kò sì sẹ́ni tó pè é láriwo nílé wa. Wọ́n á ní kí wọ́n tún àwo náà gbé sí i ni.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1944, ní Cairo, ọmọ Íjíbítì kan tó ń jẹ́ Halim El-Dabh gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe zaar, ètùtù tí wọ́n fi ń tu ẹ̀mí lójú, ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ yí i padà títí ó fi di nǹkan mìíràn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Pierre Schaeffer, ọmọ Faransé, fi ìró ọkọ̀ ojú irin ṣe orin ní Paris. Ọmọ Áfíríkà ló ṣáájú! Ní 1977, Laurie Anderson, olórin Amẹ́ríkà kan, yọ irun ẹṣin kúrò lára ọrun fáólìn, ó fi téépù tó ní ohùn nínú rọ́pò rẹ̀, ó sì fi ohun tó ń ka téépù sára fáólìn náà. Bó bá fà á síwájú, ọ̀rọ̀ á jáde. Bó bá fà á padà, ọ̀rọ̀ náà á máa ti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ní 1988, Steve Reich, tó ń kọ orin ní Amẹ́ríkà, mú ohùn àwọn àgbàlagbà, títí kan obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà àti àwọn Júù tó yè bọ́ lọ́wọ́ Hitler, ó sì ní kí Kronos Quartet, ẹgbẹ́ àwọn mẹ́rin tó ń ta ohun èlò olókùn, máa fi okùn ta ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, lókè lódò, pẹ̀lú ìró ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀bùn Grammy ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Nílé wa náà, Emeka Ogboh ti ń gba ìró Èkó sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kọ̀ńdọ́ tó ń pe èrò àti họ́ọ̀nù dánfó, ó sì kó wọn mọ́ orin ẹ̀rọ sínú àwo kan tó jáde ní 2021. Bí ọmọ yín bá gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á dùn.

Àmọ́ o, kó má fi olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Máìkì ni ẹ̀rọ kékeré tó lẹ̀ mọ́ fáólìn yẹn, gbígbọ̀n igi ló sì ń gbọ́, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́. Kò sí àṣìṣe tó lè sá pamọ́ fún un. Ọrun tó gbọ̀n, ìka tí kò tẹ okùn dáadáa, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé jáde tó ń sọ di ńlá. Ọwọ́ ọmọ mi gún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí èyí, ó sì ṣe Grade 8 rẹ̀ láàárín ariwo yẹn kan náà.

Ẹ yẹ ohun tó fi lẹ máìkì náà wò. Téépù líle lọmọ mi lò. Nígbà tó ṣí i, vàníìṣì bá a ṣí, ó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Owó tí wọ́n fi tún un ṣe dùn mí wọra. Ẹ wá fáólìn àlòkù kan tí kò wọ́n fún un, kó fi èyí tó dáa sílẹ̀ fún ìdánwò àti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ọ̀fẹ́ ni Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ìró sílẹ̀ tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe. Kí ó tọrọ àyè kó tó gba ohùn èèyàn sílẹ̀, pàápàá àwọn àgbà ìjọ. Kí ó sì dín ohùn ìyápíìsì yẹn kù, torí etí ni oko rẹ̀.

Huddersfield kò jìnnà sí yín. Láti 1978 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún irú orin yìí níbẹ̀, oṣù November ni. Ẹ mú bàbá rẹ̀ dání.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ wọlé tọ̀ ọ́ lálẹ́ òní, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn. Mo fura pé yíyí ìkẹyìn ló jókòó dè fún wákàtí kan, níbi tí ìró ẹ̀rọ náà ti ń gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ìka tó ń yọ̀ lórí okùn.