Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Omi Tí Igbó Ń Gbà Lára Kùrukùru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Mo gbọ́ pé igbó orí òkè máa ń gba omi lára kùrukùru, lọ́tọ̀ sí omi òjò. Báwo lẹ ṣe ń mọ iye rẹ̀, báwo lẹ sì ṣe ń pín iṣẹ́ náà láàárín ara yín?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lẹ gbọ́. Bí kùrukùru bá ń gba àárín igi kọjá, ẹ̀kán omi kéékèèké inú rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ewé, ẹ̀ka àti afòmọ́, títí wọn yóò fi wúwo tó láti kán sílẹ̀. Iye omi yìí kò ṣeé wọ̀n tààrà, ìṣirò la fi ń rí i. A ó wọn òjò tó rọ̀ sí gbangba, omi tó kán lábẹ́ igi, àti èyí tó ṣàn gba ara igi wálẹ̀. Nínú igbó tí kò sí kùrukùru, omi tó dé ilẹ̀ kì í tó òjò tó rọ̀, torí pé èyí tó kù sórí ewé á gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Bí omi abẹ́ igi bá wá ju òjò lọ, kùrukùru ló mú àlékún wá. Ìwádìí kan tó jáde ní 1982 nípa igbó Bull Run ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, rí mìlímítà 1739 lábẹ́ àwọn igi àgbà láàárín ọ̀sẹ̀ 40. Ó fi mìlímítà 387 ju ti ibi tí wọ́n ti gé igi lọ.

Ìwọn òjò gbangba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí iṣẹ́ tó rọrùn jù, ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò sì ti máa ń bàjẹ́ jù. Atẹ́gùn orí òkè ń gbé òjò fo ẹnu agolo tí a fi ń wọn òjò kọjá. Bí mìlímítà 100 bá rọ̀ tí agolo gba 90, 10 tó sọnù yóò di ti kùrukùru nínú ìwé wa. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ jù la ń fi sí gbangba. Yóò gbé agolo jìnnà sí igi tó ìlọ́po méjì gíga igi náà, ó kéré tán, yóò fi nǹkan dá afẹ́fẹ́ dúró yí i ká, yóò sì gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àtúnṣe.

Ẹgbẹ́ kejì ń tọ́jú àrọ abẹ́ igi. Omi kì í kán bákan náà níbi gbogbo, torí náà àrọ márùn-ún kò tó. 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló dára, kí wọ́n sì máa gbé wọn lọ síbòmíràn lẹ́yìn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Fún omi ara igi, wọ́n á la ọ̀pá rọ́bà sí méjì ní gígùn, wọ́n á fi yí igi ká, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á sì darí rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì.

Ẹgbẹ́ kẹta wà létí odò láti wọn omi tó ń ṣàn jáde kúrò nínú igbó, níbi pátákó irin tí a fi dábùú odò, tí a sì gé ihò onígun mẹ́ta sí létí òkè. Bí igun ihò náà bá jẹ́ dígírì 90, omi tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju ìsàlẹ̀ ihò náà lọ túmọ̀ sí nǹkan bí lítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yìn pátákó, ní apá ibi tí omi ti ń bọ̀, níbi tó ti parọ́rọ́, ni kí ẹ ti wọn gíga yìí, kí ẹ sì máa kó iyanrìn tó bá jókòó síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọ̀n tí wọ́n ń ta sórí òkè láti fi gba omi kùrukùru kò tó fún ìwọ̀n yìí?

ÌDÁHÙN: Kò tó. Àwọ̀n mítà kan níbùú lóròó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi mítà méjì ga kúrò nílẹ̀, yóò sọ ìgbà tí kùrukùru dé àti bó ṣe pọ̀ sí. Àmọ́ àwọ̀n kì í ṣe igi, ó sì máa ń gba òjò tí atẹ́gùn bá gbé wá.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá kó àkọsílẹ̀ yín pọ̀?

ÌDÁHÙN: Aago ni àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ máa lo àkókò kan náà. Èkejì ni òdo: bí ewé bá dí ẹnu àrọ, ẹ má kọ 0, ẹ fi àyè náà sílẹ̀ kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀, torí 0 túmọ̀ sí pé omi kankan kò kán. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣàtúnṣe sí.