Pa ìwé dé kí o tó sọ pé o ti mọ̀ ọ́n

Àbúrò mi ní Òmù-Àrán, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, o ń kàwé wọ òru, ohun tí o ń kà sì ń yé ọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbé past question síwájú rẹ báyìí, gbogbo rẹ̀ á pòórá, àyà rẹ á máa já, ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n. O ní àwọn ará ilé ti ń sọ pé bóyá ayé ló ń bá ọ jà. Mi ò ní kí o má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó síbi tí o jókòó sí yìí rí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní lesson ìrọ̀lẹ́ nílùú Ìlọrin. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe ọ́. Ò ń ka ìwé, o ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a sọ.

Ẹni tó bá lọ ilé-kéwú ní Ìlọrin á mọ ohun tí mò ń wí. Áfáà kì í bi ọ́ pé ṣé o ti wo ohun tó wà lára wàláà. Yóò gba wàláà lọ́wọ́ rẹ, yóò ní ó yá, kà á létí mi. Ibi tí o bá ti há, ibẹ̀ ni wàá padà sí, kò sì ní fún ọ ní ẹ̀kọ́ tuntun títí tí ti àná á fi dúró. Ọmọ kan náà yìí á délé, á ṣí ìwé Báyọ́lọ́jì sílẹ̀, á fi ojú kà á lọ kà á bọ̀, á fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀, á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ pé kí o há ìwé sórí láìjẹ́ pé ó yé ọ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o pa á dé, kí o wá wo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ.

Lọ́dún tí mo ṣe tèmi, ìyá mi ń din wàrà tà ní Ọjà Ọba, èmi ni mo sì máa ń dúró ti agbada nírọ̀lẹ́. Kò sáyè ìwé nídìí iná. Mo máa ń ya bébà pélébé, mo máa kọ ìbéèrè nìkan sí i, mi ò ní kọ ìdáhùn, mo máa so wọ́n mọ́ ìdí ìró. Bí mo bá ti ń yí wàrà padà nínú òróró, mo máa yọ ọ̀kan, mo máa dá ara mi lóhùn jẹ́jẹ́. Bí àpẹẹrẹ: bí a bá gbẹ́ ihò sínú iṣu tútù, tí a bu omi iyọ̀ sínú ihò náà, tí a gbé iṣu sínú abọ́ omi, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Omi inú ihò á ga sí i, nítorí omi inú abọ́ á gba ara iṣu wọlé lọ síbi tí iyọ̀ wà. Ìyẹn ò le. Èyí tó tẹ̀ lé e ló máa ń mú èèyàn: bí a bá kọ́kọ́ se iṣu náà ńkọ́? Omi ò ní ga, torí iná ti ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣu jẹ́. Èyí tí mo bá há sí, mo máa ṣẹ́ etí bébà rẹ̀, mo máa yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé tí a bá délé. Nígbà tó ṣe, àwọn bébà tó ṣẹ́ létí bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn, ó ju ìyànjú ẹnikẹ́ni lọ, torí mo ń fojú ara mi rí i pé ohun tí mi ò mọ̀ ń tán lọ.

Ìgbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni mo tó gbọ́ nípa ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ìgbàgbé jáde ní 1885. Ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ. Kíá ni ọ̀pọ̀ ń lọ, kó tó pé ọjọ́ kan. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ni kì í yára lọ mọ́. Nítorí náà, ohun tí o kà lónìí, dá a sọ lọ́la, tún dá a sọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí o tún padà sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ báyìí dára ju òru ọjọ́ kan gbáko lọ.

Ní ti Ìṣirò tí o ní ó ń já ọ láyà jù, aago ni kí o kọ́kọ́ bá rẹ́. Objective jẹ́ ìbéèrè 50 fún wákàtí kan ààbọ̀. Theory jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀: ìbéèrè márùn-ún tó pọn dandan gba máàkì 40, márùn-ún tí o máa fúnra rẹ mú gba 60. Máàkì 100 nínú ìṣẹ́jú 150. Ìyẹn ni pé ìbéèrè tó gba máàkì 8 ní ìṣẹ́jú 12, èyí tó gba 12 ní ìṣẹ́jú 18. Bí ìṣẹ́jú bá pé tí kò tíì jáde, fi àyè sílẹ̀, kọjá. Láràárọ̀ Sátidé, pa fóònù, gbé aago síwájú, kí o ṣe odindi past question kan láì wo ìdáhùn. Nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ á gbọ̀n. Jẹ́ kó gbọ̀n. Ó sàn kó gbọ̀n nílé títí á fi sú u.

Kẹ́mísìrì náà nìyẹn. Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló máa kọ́kọ́ di burette mú (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi bó ṣe ń kán), kò sí bí àyà rẹ̀ ò ṣe ní já. Bẹ olùkọ́ yín kó jẹ́ kí o fọwọ́ kàn án nísinsìnyí, kí o kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó máa kán tó tó, títí tí òǹkà omi tó kán nígbà méjì kò fi ní ju 0.20 cm³ síra wọn lọ.

Oorun wá ńkọ́? Àwọn ọmọ kan ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù lóru kí oorun má bàa kùn wọ́n, àwọn mìíràn ń jẹ obì, àwọn kan ti ń wá oògùn kiri. Oògùn yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ síbi tó yẹ. Ooru tiwa níbí kí òjò tó dé kì í ṣe kékeré, iná ò sì dájú, kí ni èèyàn ń fi tọ́ọ̀ṣì wá láàjìn? Tètè sùn, kí o jí lásìkò ìrun Àsùbá. Ilẹ̀ ṣì tutù, ilé dákẹ́, orí sì fúyẹ́.

Àwọn tó ń kó owó expo jọ, yàgò fún wọn. Yàtọ̀ sí pé WAEC lè dá èsì dúró, ẹni tó ń retí expo kì í lè kàwé, ẹ̀rù rẹ̀ á wá di méjì.

Bí màmá bá wà nítòsí, ẹ dákun mà, ẹ má fi ọmọ aládùúgbò wé e lásìkò yìí. Kírẹ́díìtì márùn-ún la ń wá, C6 sókè, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ku díẹ̀ káàtó, NECO wà, WAEC aládàáni náà wà. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó wọ gbọ̀ngàn, torí mo ti rí ọmọ tó jẹ́ pé ojú bàbá rẹ̀ ló ń rí lórí bébà ìdánwò.

Àbúrò mi, mú kókó kan péré nínú Ìṣirò lálẹ́ yìí, pa ìwé dé, kọ gbogbo ohun tí o bá rántí. Ibi tí o bá há sí gan-an, fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó.