Ẹni tí ó ń gbowó dúró fún ènìyàn ní kóòtù: ibo ni agbára rẹ̀ dé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Àbúrò mi ọkùnrin ń jẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ìkòyí, ní Èkó. Adájọ́ ti fún un ní béèlì mílíọ̀nù márùn-ún náírà pẹ̀lú onídùúró kan tí ó ní ilé tàbí ilẹ̀ ní Èkó. Ọkùnrin kan tí ó máa ń wà lẹ́bàá ọgbà kóòtù sọ pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa dúró fún ènìyàn. Ó ní kí a san ₦500,000, kí a sì kó ìwé ilé màmá wa sí òun lọ́wọ́, nítorí pé kóòtù kì í gba obìnrin ní onídùúró. Ó tún ní bí àbúrò mi kò bá yọjú, tàbí tí owó òun kò bá pé, òun lè mú un tì mọ́lé, tàbí kí òun mú màmá wa dípò rẹ̀. Ṣé òfin fún un ní irú agbára bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òfin kò fún un ní agbára bẹ́ẹ̀, ẹ má sì tíì san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó sọ ni irọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wọ̀ yín létí. Òfin tí ó de ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, tí àwa agbẹjọ́rò ń pè ní ACJA, gbà ní abala 187 pé ènìyàn tàbí ilé-iṣẹ́ lè fi dídúró fún olùjẹ́jọ́ ṣe iṣẹ́ ṣe.

Ojú tí òfin Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún fi ń wo irú iṣẹ́ yìí láti ìgbà pípẹ́ kò dára rárá. Ní England títí di òní, abala 9 òfin béèlì wọn ti ọdún 1976 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé òun yóò san owó padà fún onídùúró bí olùjẹ́jọ́ bá sá lọ, nítorí pé onídùúró tí kò ní pàdánù ohunkóhun kò ní ìdí láti ṣọ́ ẹni tí ó dúró fún. Nígbà tí òfin tiwa wá ṣílẹ̀kùn fún iṣẹ́ náà, ó fi ìjánu sí i lẹ́nu. Onídùúró oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí ó sì gba ìwé àṣẹ lábẹ́ ìlànà tí Adájọ́ Àgbà kóòtù náà bá ṣe. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò sí àbùkù nínú ìwà rẹ̀, kí báńkì sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún un lọ́dọ̀ Adájọ́ Àgbà. Yàtọ̀ sí èyí, owó tí kò dín sí iye béèlì tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà fún un gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ní báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tí ìwé náà dárúkọ, agbègbè kóòtù tí ó ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ni ó sì ti lè ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe é láìní ìwé àṣẹ lè san owó ìtanràn ₦500,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n fún oṣù méjìlá, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀. Iye tí ó ń béèrè lọ́wọ́ yín gan-an nìyẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà kóòtù ni kí ẹ ti béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ má ṣe gba káàdì tí ó bá yọ láti inú àpò gbọ́.

Ní ti mímú ènìyàn, òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ó sọ. Abala 188 gba onídùúró oníṣẹ́ láàyè láti mú olùjẹ́jọ́ tí ó ń sá lọ, tàbí tí ó gbàgbọ́ pé ó fẹ́ yẹra fún kóòtù. Ṣùgbọ́n kóòtù tàbí àgọ́ ọlọ́pàá ni ó gbọ́dọ̀ mú un lọ, kì í ṣe ilé ara rẹ̀. Ohun tí a ń wò nínú fíìmù Amẹ́ríkà, níbi tí onídùúró ti ń já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, ní ìtàn tirẹ̀ nínú ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá ní ọdún 1872. Kò sí irú rẹ̀ nínú òfin tiwa. Bí ó bá ti àbúrò yín mọ́lé, ó ti tẹ òmìnira tí abala 35 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè fún un lójú, òun gan-an ni yóò sì wá di ẹni tí ó ń wá béèlì. Bí owó rẹ̀ bá kù lọ́wọ́ yín, gbèsè ni, abala 8 ACJA sì kọ̀ kí a mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí ó bàjẹ́ lásán. Ní ti màmá yín, abala 7 kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí a fẹ̀sùn kàn.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìwé ilé yẹn. Onídùúró ní láti búra nípa ohun ìní rẹ̀, kóòtù sì máa ń ránṣẹ́ lọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní ilé-iṣẹ́ tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Àwọn onídùúró ẹ̀bá ọ̀nà kan máa ń fi ìwé ẹni ẹlẹ́ni búra bí ẹni pé tiwọn ni. Bí àṣírí bá tú, béèlì àbúrò yín lè fò lọ, ẹ sì lè máa dáhùn ìbéèrè bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Mo wá fẹ́ béèrè: ṣé ní Èkó ni ilé màmá yín wà? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ìwé rẹ̀ sì pé ní orúkọ wọn, kí ni ẹ tún ń wá onídùúró olówó kiri fún? Abala 167 sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Bí akọ̀wé kan bá kọ̀ wọ́n nítorí èyí, kí lọ́yà yín fi tó adájọ́ létí. Bí ìwé ilé kò bá sì pé, kí lọ́yà bẹ kóòtù kí ó dín àmúyẹ béèlì náà kù. Abala 165 ní kò gbọdọ̀ pọ̀ jù.

Kí ẹ jẹ́ kí màmá yín mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí àbúrò yín bá sá lọ, kóòtù lè pè wọ́n kí wọ́n wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní san mílíọ̀nù márùn-ún náà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí, wọ́n lè padà lọ bẹ kóòtù kí ó tú wọn sílẹ̀ nínú ìdúró náà. Kóòtù yóò sì ní kí àbúrò yín wá onídùúró mìíràn tàbí kí ó padà sí àtìmọ́lé.